Ihò Mẹ́rìnlélógún

Mo dé Òkè-Sópin nígbà tí oòrùn ń wọ̀,
àpò irinṣẹ́ léjìká, wáyà búlúù lọ́wọ́.
Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóbì àti onígẹdú
kò ju yàrá mẹ́rin lọ, páànù rẹ̀ ti dípẹtà.
Lókè kọ́bọ́ọ̀dù akápò ni súwíìṣì náà jókòó sí,
kì í ṣe èyí tí a ń tẹ̀ kí iná tàn o,
ìyẹn ò nílò mi.
Àpótí pẹlẹbẹ ni, ojú rẹ̀ tò bí ojúlé agbo-ilé,
ihò mẹ́rìnlélógún, gbogbo wọn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Bàbá Ọnàfowókàn ní: "Tẹ́júmádé,
ẹnì kan gbé láàpútọ́ọ̀pù wọlé lọ́jọ́ Ẹtì,
ó ki wáyà bọ ihò kan létí fèrèsé,
ó ń wo owó wa bí ẹni ń wo fíìmù.
Kò mú kọ́bọ̀ o. Wíwò yẹn ló ń dùn mí."

Mo bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Bàbá wòkè, ó wolẹ̀.
"Èyí tó bá a wá látinú páálí ni."
Ọdún mẹ́fà!
Ní Ìjẹ̀bú wa yìí, tí àlejò ń dúró níbodè
títí wọn yóò fi bi í pé ọmọ ta ni.
Àwọn baba wa gbẹ́ yàrà
kí wọ́n tó ronú àtikọ́ yàrá.

Mo pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, mo fi tuntun sí i,
ó gùn, ó wọ́, mi ò ní í sọ ọ́ fún ewì yìí pàápàá.
Ihò tí ẹnikẹ́ni kò lò, mo tì í: mẹ́tàlá.
Èyí tó kù, mo kọ́ ọ ní ojú ẹni tó ni ín,
torí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní ilà tí wọ́n kọ fún un nílé iṣẹ́.
(Ilà ayédèrú wà, mo mọ̀. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)
Mo ní: bí ojú àjèjì bá yọ, pa ilẹ̀kùn dé, kí o pariwo.
Kọ̀ǹpútà Ìyá Odùkọ̀yà tó ń gbowó oṣù, ọ̀tọ̀;
ti akápò, ọ̀tọ̀;
wọn ò ní í gbóhùn ara wọn mọ́,
bí orogún méjì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

Ìgbéraga wá gùn mí.
Mo kọ òfin tó kẹ́yìn:
ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni kó máa bá súwíìṣì sọ̀rọ̀.
Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Mo tẹ Ẹ́ńtà.
Ó dákẹ́.

Mo ti fi mẹ́fà sípò mẹ́sàn-án.
Èmi tí mo mọ odi, ẹ̀yìn odi ni mo wà.
Mo kànkùn, kò dáhùn;
iṣẹ́ tí mo rán an gan-an ló ń jẹ́.
Wáyà tí à bá fi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé
wà ní Orù, lórí bẹ́ẹ̀dì mi.
"Ṣé ó ti parí?" "Ó kù díẹ̀, sà."

Ìgbà náà ni Nẹ́pà múná lọ.

Àdúgbò ké "Háà!" gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.
Èmi rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn,
torí mi ò tíì sọ fún un pé kó fi pa mọ́,
ohun tí a kò sì fi pa mọ́, iná ló ni ín.
Jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dúró.
Súwíìṣì jí, ó ń ṣẹ́jú,
kò rántí ìjà wa,
ihò mẹ́rìnlélógún, gbayawu.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ka nọ́ńbà náà sókè,
Bàbá ń fìka tọ̀ ọ́ nínú ìwé bí ẹni ka owó àjọ.
Mo jáde, mo tún wọlé, kí n rí i pé ilẹ̀kùn mọ̀ mí,
kí n tó sọ pé: fi pa mọ́.

"Bí o bá re Èkó tí o ò padà ńkọ́?"
Mo kọ aṣínà náà sórí bébà, mo ká a.
Bàbá tì í mọ́ inú àpótí irin,
ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ okùn ṣòkòtò rẹ̀.
Nínú gbogbo ohun tí mo tì lálẹ́ ọjọ́ náà
ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ tó dún.